Bí àwọ̀ ṣe pé padà lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wa

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń gbé scanner wa ní Ṣómólú jà o! Fọ́tò ìyá àgbà kan tí a fẹ́ tẹ̀ sí kàlẹ́ńdà, gèlè wọn ń hàn ní ìlà-ìlà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún fún àbàwọ́n, àwọ̀ 256 péré ni ojú monitor ń gbé. Mo pààrọ̀ wáyà, mo yá monitor ẹlòmíì, mo tún driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì àwòrán rẹ̀) fi sí, pàbó. Àṣé mẹ́mọ́rì káàdì àwòrán yẹn, èyí tó ń gbé àwòrán sí ojú monitor, ò ju 2MB lọ, bẹ́ẹ̀ 1280×1024 (iye àmì kéékèèké tó wà lójú monitor, ní ìbú àti òró) ní 24-bit (àwọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún) ń fẹ́ 3.75MB, ibo ló fẹ́ kó o sí? Mo bá wọ Display Settings, mo fà á wá sí 800×600, ìgbà yẹn ni 24-bit tó yọjú, mo mú un, mo pa á mo tún un tàn, gèlè dán! Káàdì tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 1MB lè má gba 800×600 yẹn ní 24-bit, ẹ fi 640×480 dán an wò.