Bí A Ṣe Ń Fi Okùn Irin Gbé Afárá Rọ̀ Sórí Òkun

Ẹni tó bá gba Jàmátà kọjá odò Ọya láti Lọ́kọ́ja lọ sí Àbújá yóò ti rí bí òpó ṣe pọ̀ tó lábẹ́ afárá ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Jàpáànù, òpó méjì péré ni afárá Akashi Kaikyo, tó so Kobe mọ́ erékùṣù Awaji, ní láàárín omi, mítà 1,991 ni wọ́n sì fi jìnnà síra. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín, ẹ kọ́kọ́ kọ́ kékeré rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ ri ọ̀pá méjì mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ so okùn mọ́ wọn lórí, kí ẹ wá so ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù rọ̀ sí àárín okùn náà. Kíá ni ọ̀pá méjèèjì yóò tẹ̀ wá sínú. Ẹ tú u, kí ẹ fa okùn náà kọjá orí ọ̀pá lọ sẹ́yìn níhà méjèèjì, kí ẹ sì so ó mọ́ òkúta ńlá, èyí tí kò wọ́n wa ní ilẹ̀ Okun. Ọ̀pá yóò dúró ṣánṣán. Òkúta ló di okùn mú; ẹrù ni ọ̀pá ń rù wọlẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń da òkìtì kọnkéré sí etí òkun méjèèjì kí wọ́n tó na okùn kankan.

Ìpìlẹ̀ inú omi ló le jù, lójú tèmi. Ní Akashi, àgbá irin ràgàjì ni wọ́n wọ́ lórí omi wá, tí wọ́n rì sí ìsàlẹ̀ òkun tí wọ́n ti gbẹ́ tẹ́jú; èyí tó tóbi jù fẹ̀ tó mítà 80, ó sì ga tó 70. Kọnkéré tí omi kò lè fọ̀ dànù ni wọ́n rọ sínú rẹ̀, kí wọ́n tó gbé òpó tó ga tó nǹkan bíi mítà 300 lé e.

Nítorí pé ọkọ̀ kì í dá lójú omi náà, hẹlikópítà ló gbé okùn tín-ín-rín àkọ́kọ́ kọjá, òun ni wọ́n sì fi fa èyí tó nípọn. Wáyà 36,830 ló wà nínú okùn ńlá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò nípọn ju mìlímítà 5 àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àpapọ̀ wọn ju mítà kan lọ ní ìbú.

Ojú ọ̀nà ló kẹ́yìn. Ní ẹ̀yìnkùlé yín, pátákó ni yóò dúró fún un; ẹ máa so ó rọ̀ láti ìdí ọ̀pá méjèèjì bọ̀ sí àárín, torí bí ẹ bá dá ẹ̀gbẹ́ kan rù, okùn yóò wọ́ síbẹ̀. Òpó àti okùn ti dúró ní Akashi, wọn kò tíì so ojú ọ̀nà rọ̀, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1995. Òpó méjèèjì fi nǹkan bíi mítà kan jìnnà síra sí i, wọ́n sì ní láti tún irin ojú ọ̀nà wọ̀n. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá náà ní oṣù kẹrin 1998, mítà 1,990 tí wọ́n yà sórí ìwé ti di 1,991.