Bí A Ṣe Ń Dán Àfarawé Idà Ọlọ́wọ́-Méjì Wò Kí A Tó Rà Á

Idà gígùn tí àwọn jagunjagun Yúróòpù ń fi ọwọ́ méjèèjì lò láàárín nǹkan bí ọdún 1350 sí 1550 kò wúwo tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ́kù wọn láàárín kìlógíráàmù 1.2 sí 1.8. Ẹni tó fẹ́ ra àfarawé rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbára lé òṣùwọ̀n nìkan. Idà méjì lè wọn bákan náà, kí ọ̀kan rọrùn lọ́wọ́, kí èkejì sì máa fa ọrùn ọwọ́ bí ọmọ owú tí a so mọ́ orí ọ̀pá gígùn. Ibi tí ìwúwo náà dúró sí lára irin ni a ó wò.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí irin ṣe so mọ́ èèkù. Ìrù irin tí èèkù bò mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ara kan náà pẹ̀lú idà, kí ó nípọn, kí ó sì gba inú èèkù kọjá dé kókó irin tó wà ní ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n jó mọ́ ọn, tàbí tí gbogbo idà náà jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, ẹ fi kọ́ ara ògiri; ẹ má ṣe fì í rárá, nítorí ó lè kán, kí àjákù rẹ̀ sì fò lu ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé idà náà sórí ìka kan, kí ẹ máa sún un títí yóò fi dúró láìtẹ̀ sí apá kan, kí ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín ìka náà àti irin ìdábùú tó ń dáàbò bo ọwọ́. Sẹ̀ǹtímítà 7 sí 12 ló wọ́pọ̀. Bí ó bá ju 15 lọ, iwájú idà yóò wúwo, yóò sì ṣòro láti dá dúró. Bí ó bá kéré jù, yóò yá lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò ní lágbára láti gé nǹkan. Àmọ́ ìdánwò yìí nìkan lè tan ènìyàn jẹ. Alágbẹ̀dẹ tí kò fẹ́ ṣe wàhálà lè fi kókó irin ńlá sí ìdí èèkù láti bo àṣírí irin tó nípọn jù, kí àlàfo náà sì bá ìwọ̀n mu, síbẹ̀ kí idà dà bí òkú igi lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ka ìnípọn irin sí pàtàkì ju ohunkóhun lọ. Ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, wọ̀n ọ́n: lẹ́bàá irin ìdábùú, ó máa ń tó mìlímítà 5 sí 7, nígbà tí ó bá sì fi máa dé ìtòsí ṣónṣó, ó yẹ kí ó ti dín kù sí bíi 2 tàbí 3. Bí ó bá dọ́gba láti òkè délẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Ẹ wá di èèkù mú lẹ́rọ̀, kí ṣónṣó kọjú sókè, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kejì gbá ẹ̀gbẹ́ kókó ìdí rẹ̀. Irin yóò gbọ̀n, ṣùgbọ́n ibì kan yóò wà tí kò ní mì, ní bíi ìdá kan nínú mẹ́ta sí ṣónṣó. Ibẹ̀ ni a fi ń gé nǹkan tí kì í fi ta ọwọ́.

Ní gbangba tí ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fì í díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dá a dúró ní ọ̀gangan àyà. Bí ṣónṣó bá kọjá ibi tí ẹ fẹ́, ó wúwo jù fún yín. Òwe tó ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni, kò sọ irú èèkù tó yẹ. Èyí tó rí bí ẹyin, tí kì í ṣe róbótó, ni mo fara mọ́. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ dijú, ẹ dì í mú: ó yẹ kí ọwọ́ mọ apá tí ojú idà kọ sí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.