Bí ẹ ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ àdúgbò yín dé ọ̀dọ̀ ìjọba ní Ìbàdàn

Tí ẹ bá dé iwájú àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Mólété tàbí Dùgbẹ̀ láàárọ̀, ẹ máa bá àwọn èèyàn níbẹ̀ tí wọ́n ń jiyàn lórí alága káńsù, lórí gọ́tà, lórí ẹni tó yẹ kó wọlé àti ẹni tí kò yẹ. Iyàn gidi ni, àwọn tó ń jà á sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Tó bá di aago mẹ́sàn-án, kálukú á gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ, gọ́tà á sì wà bó ṣe wà. Ó máa ń dùn mí. Ká ní ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú ìwé, tí ìwé náà sì dé ọwọ́ ẹni tó yẹ, ọ̀pọ̀ nǹkan ni ì bá ti yí padà ní àdúgbò wa. Bí èmi àti àwọn aládùúgbò mi ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ ṣàlàyé síbí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìjọba ìbílẹ̀ àti wọ́ọ̀dù yín

Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà ní Ìbàdàn. Márùn-ún wà nínú ìgboro: Àríwá Ìbàdàn, Àríwá Ìlà-Oòrùn, Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn, Gúúsù Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn. Mẹ́fà yòókù yí ìgboro ká: Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ẹni tó ń gbé ní Olúyọ̀lé Ẹ̀sítéètì á gbà pé ìjọba ìbílẹ̀ Olúyọ̀lé lòun wà, bẹ́ẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ló wà. Ìdí-Ayùnrẹ́ ni oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Olúyọ̀lé. Ẹni tó kọ́lé sí Àjíbọ́dè ń rí Yunifásítì Ìbàdàn lọ́ọ̀ọ́kán, á sì rò pé Àríwá lòun náà wà. Akínyẹlé ni. Ìwé tó bá lọ sí káńsù tí kò ni yín, wọ́n lè má dá a padà fún yín rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá wọ́ọ̀dù yín. Wọ́ọ̀dù 351 ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kánsẹ́lọ̀ kan sì ni wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń dìbò yàn. Kánsẹ́lọ̀ yẹn ni aláṣẹ tó sún mọ́ ilé yín jù lọ. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ alága àwọn onílé tàbí lọ́wọ́ ìyá tó ń ta oúnjẹ níkorí òpópónà, tórí àwọn ìyá wọ̀nyí mọ gbogbo olóṣèlú àdúgbò. Ẹ wo káàdì ìdìbò yín náà. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ nígbà tó ń gbé ní agboolé wọn, tó ti kó lọ sí Àpẹ̀tẹ̀ báyìí, Bẹẹrẹ ni ìbò rẹ̀ ṣì wà títí yóò fi lọ bá INEC pé kí wọ́n bá òun gbé e.

Ta ló ni ọ̀rọ̀ náà?

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọjà àti ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, gọ́tà, iná òpópónà, kíkó ìdọ̀tí, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ara ilé, ìwé ìbí àti ìwé ikú, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìwòsàn kékeré, ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ ni ín. Títì Èkó sí Ìbàdàn, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Tí tiransifọ́mà bá jó, ilé iṣẹ́ mànàmáná ni ẹ máa lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ọ̀rọ̀ gọ́tà ní ìlú yìí. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni Ògùnpa kún, tó gbé ilé, tó gbé ọkọ̀, tó gbé èèyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya bo ìlú. Ìparí oṣù kẹjọ ni àwọn méjèèjì. Èmi ti kọ ìwé gọ́tà nínú oṣù keje rí, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Wọn ò dá mi lóhùn, èmi náà sì mọ̀ lẹ́yìn náà pé kò sí ẹni tó lè da kọnkéré sínú àgbàrá. Láti ìgbà yẹn, oṣù kìíní ni mo ń mú ìwé gọ́tà lọ, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ẹ ka nǹkan, ẹ wọn nǹkan

“Ìyà ń jẹ wá” kì í ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ káńsù lè ṣiṣẹ́ lé lórí. Ilé mélòó ni ọ̀rọ̀ náà kàn? Láti oṣù wo? Báwo ni ihò náà ṣe gùn tó? Ẹ ya fọ́tò ní ọ̀sán, kí ilé kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ hàn lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn baba wa ní Àkànràn àti abúlé àyíká rẹ̀ mọ èyí dáadáa. Nígbà ìjà Agbẹ́kọ̀yà, ní 1968 sí 1969, tí owó orí ti wọ àgbẹ̀ lọ́rùn, ohun tí wọ́n ń ké ni “Òkẹ́ mẹ́fà la ó san.” Òkẹ́ kan jẹ́ ṣílè márùn-ún, òkẹ́ mẹ́fà sì jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé mọ iye yẹn, ìjọba náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ nínú ìjà náà, n kò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni iye kan ṣoṣo yẹn, tí gbogbo ẹnu jọ ń sọ.

Ẹ gbé e lọ sí ìpàdé

Ìwé tí ẹnì kan kọ, wọ́n lè pè é ní ìwé aláròyé. Èyí tí ilé ogún fọwọ́ sí, wọ́n á kà á. Ní àdúgbò tuntun, ìpàdé àwọn onílé ni ẹ máa gbé e lọ, èyí tí wọ́n sábà máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ lọ bá alága nílé ṣáájú ọjọ́ ìpàdé, ẹ kí i dáadáa, ẹ ṣàlàyé fún un, kó má jẹ́ pé gbangba ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nínú ìgboro àtijọ́, ní Ọjẹ́, ní Kúdẹtì, ní ẹ̀yìn Mápó, mọ́gàjì agboolé ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ọjà, ìyálọ́jà ni. Ẹni tó bá fo àwọn wọ̀nyí dá, tó lọ tààrà sí káńsù, wọ́n á bi í pé ta ló rán an.

Mo bẹ àwọn onílé ní ohun kan: ẹ jẹ́ kí ayálégbé sọ̀rọ̀. Omi tó ń wọlé kì í béèrè ẹni tó ni ilé. Yàrá ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ̀, ayálégbé ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ní àdúgbò wa, ìyá kan tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo ló jẹ́ ká mọ̀ pé ìsàlẹ̀ afárá ni omi ti ń dí, a ti ń wo ibòmíràn láti ọjọ́ yìí wá.

Kí ìpàdé tó tú ká, ẹ yan ẹni mẹ́ta tí yóò gbé ìwé lọ, kí ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, ẹnì kan jẹ́ ọ̀dọ́. Ẹ dá owó ọkọ̀ wọn àti ti fọ́tòkọ́pì.

Ẹ kọ ìwé náà

Kó má ju ojú ewé kan lọ. Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá, èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Tí ẹ bá kọ ọ́ ní Yorùbá, ó lè rí báyìí:

“Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀, nípasẹ̀ Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa tí a fọwọ́ sí ìwé yìí ń gbé ilé 23 ní òpópónà yìí. Gọ́tà iwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ya níbi mẹ́ta láti oṣù kẹwàá, èyí tó gùn jù nínú wọn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Ọmọ ilé ìwé méjì ti jìn sí i. A ti kó yanrìn inú rẹ̀ fúnra wa. A fẹ́ kí ẹ rán ẹnjiníà wá wò ó kí oṣù kejì tó parí, kí ẹ sì jẹ́ ká mọ̀ bóyá àtúnṣe rẹ̀ wà nínú ètò ìṣúná ọdún yìí. Fọ́tò mẹ́rin wà pẹ̀lú ìwé yìí. A ó wá gbọ́ èsì lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀.”

Orúkọ òpópónà, orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i àti nọ́ńbà fóònù ẹni mẹ́ta yẹn á wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún alága, ọ̀kan fún kánsẹ́lọ̀, ọ̀kan fún ẹ̀yin fúnra yín. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé. Ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, kí wọ́n kọ déètì sí i, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ kò ní òǹtẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, akọ̀wé tó gbà á ti lọ sí ibòmíràn, kò sì sí ẹni tó gbà pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé rí.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ná sórí iṣẹ́ kan, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 gbà yín láyè láti béèrè. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, ọjọ́ méje ni òfin sì fún wọn láti dáhùn. Ní 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ di mímọ̀ pé òfin yìí de ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ náà. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé owó káńsù wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ẹ rántí pé ilé ẹjọ́ yìí kan náà ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn tí aráàlú dìbò yàn. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè bó ṣe rí báyìí.

Tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ lórí rédíò

Ìlú rédíò ni Ìbàdàn. Agodi níbí ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ nílẹ̀ Adúláwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959, lónìí sì rèé, Amúlùdùn 99.1, Splash 105.5, Fresh 105.9 àti àwọn mìíràn wà nílé, nínú ọkọ̀ àti nínú ọjà. Aráàlú ń pè wọ́n lórí fóònù. Àmọ́ ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lẹ máa ní, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ kí olóòtú.

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sórí ìwé kékeré kí ẹ tó pè. Ẹ yí rédíò ẹ̀gbẹ́ yín sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn yín á máa padà wá bá yín lórí afẹ́fẹ́. Ẹ sọ orúkọ àti àdúgbò yín, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ti kọ ìwé àti pé òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Èyí ló ń mú kí olóòtú fẹ́ pe káńsù fúnra rẹ̀. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní olè tí ẹ ò bá ní ẹ̀rí lọ́wọ́, torí ẹni yẹn lè pè yín lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Nígbà tí ìbò bá ń bọ̀

Àjọ OYSIEC ló ń ṣètò ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa. INEC ló ni ti ààrẹ, gómìnà àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. OYSIEC ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2021, ó tún ṣe é ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2024. Àwọn tó máa ń tò fún ìbò gómìnà, ọ̀pọ̀ wọn kì í jáde fún ìbò kánsẹ́lọ̀. Ó ń bà mí nínú jẹ́, nítorí pé kánsẹ́lọ̀ ni ẹ lè rí lójúkojú, tó ń gbé nítòsí yín.

Ẹ má dúró de ọjọ́ ìbò. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá ń múra ìdìbò abẹ́lé, ẹ pe àwọn tó fẹ́ dupò kánsẹ́lọ̀ wá sí ìpàdé onílé, gbogbo ẹgbẹ́, láìyọ ẹnì kankan sílẹ̀. Ẹ fún kálukú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ bi wọ́n pé: ìgbà wo lẹ máa ń wà nílé kí a lè rí yín? Kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe sí gọ́tà yìí, inú oṣù wo sì ni? Ẹ kọ èsì wọn sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá wá, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Àwọn tó bá gbé “dìbò kó o sebẹ̀” wá, ọbẹ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n mú wá; ẹ fi ìwé tí ẹ kọ hàn wọ́n. Lọ́jọ́ ìbò, ẹ tètè jáde, ẹ dúró gbọ́ èsì ibùdó yín.

Ẹ padà lọ ní ọjọ́ tí ẹ dá

Ibí yìí ni ó máa ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ mú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn dání, ẹ lọ ní ọjọ́ tí ẹ kọ sínú ìwé gan-an, ẹ jókòó, ẹ béèrè. Tí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá, ẹ béèrè ọjọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn. Tí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí aṣòfin tó ń ṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀.

Tí wọ́n bá ṣe é, ẹ kọ ìwé ìdúpẹ́, kí ẹ gba òǹtẹ̀ sí ìyẹn náà. Ìwé kẹta ló mú kí wọ́n wá wo gọ́tà wa. Ìwé ìdúpẹ́ rẹ̀ wà nínú fáìlì àdúgbò báyìí, èyí tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ti iná òpópónà. Ilé 31 ló ti fọwọ́ sí i, àwọn ẹni mẹ́ta wa ń gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé.