Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìwádìí Ìjókòó Gẹlẹtẹ àti Làákàyè Wò

Bí ìwádìí kan bá sọ pé ìjókòó ń pa làákàyè, ẹ fo àbájáde rẹ̀ ná. Ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe wọn ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ kà; ibẹ̀ ni púpọ̀ ti ń já kulẹ̀.

Ìjókòó gẹlẹtẹ ni kéèyàn wà lójúfò, kó jókòó, kó fẹ̀yìn tì tàbí kó dùbúlẹ̀, kí agbára tí ara ń lò má sì ju ìlọ́po 1.5 ti ìgbà ìsinmi lọ. Oorun kò sí níbẹ̀, ìdúró kò sí níbẹ̀. Wàyí o, ẹ wo ahunṣọ òfì ní Ìlọrin: ó ti wà lórí ìjókòó láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń ju òwú, ẹsẹ̀ ń tẹ òfì. Ẹ wo àáfà lórí ẹní tó ń há Kùránì sórí. Ìwé ìbéèrè tó kàn ní “wákàtí mélòó lẹ fi ń jókòó lójúmọ́?” á da àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ìwádìí tí kò bá ya oríṣi ìjókòó sọ́tọ̀, ẹ gé máàkì rẹ̀.

Nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn bí ara ṣe ń lọ tó ń bọ̀, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ itan ló mọ ìjókòó yàtọ̀ sí ìdúró. Ti ọrùn-ọwọ́ tàbí ìbàdí lè ka ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ nídìí ọjà rẹ̀ mọ́ ẹni tó jókòó. Ó kéré tán, ọjọ́ 4 ni kí wọ́n fi wọ̀ ọ́, wákàtí 10 lójúmọ́. Ẹ béèrè bóyá inú ààwẹ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n; ìjókòó Ràmàdáànì kì í ṣe ti oṣù tó kù.

Ó kan ìdánwò làákàyè. MMSE, ìdánwò kúkúrú fún ìrántí àti ìrònú, ní máàkì 30, ó sì ní kéèyàn kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, kó ya àwòrán. Ìyá Ìgbómìnà tó ń ṣírò owó iṣu lórí láìṣì, tí kò sì mú gègé rí, á pàdánù máàkì níbẹ̀ láìjẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ń kú. MoCA, ìdánwò mìíràn irú rẹ̀, ń fi máàkì 1 kún ti ẹni tí ọdún ìwé rẹ̀ kò ju 12 lọ, èyí tó kéré jù. Ìwádìí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, lo CSI-D, ìdánwò tí wọ́n ṣe kí àìmọ̀wé má bàa pa ẹnikẹ́ni lára, tó tún ń fi ọ̀rọ̀ wá ìbátan àgbàlagbà náà lẹ́nu wò.

Ìdí àti àbájáde lè forí gbárí o. Àrùn ìgbàgbé ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ ní ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hàn, ó sì lè jẹ́ òun ló dá ẹni náà jókòó. Ìwádìí ọjọ́ kan ṣoṣo kò lè já a. Bí wọ́n bá tọ̀ wọ́n lẹ́yìn fún ọdún púpọ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n yọ àwọn tí àrùn náà mú ní ọdún àkọ́kọ́, bóyá wọ́n sì gbé ọjọ́ orí, ìwé kíkà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti orúnkún dídùn yẹ̀ wò.

Kí ẹni méjì fún ìwádìí náà ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó fi wéra. Òṣùwọ̀n Newcastle-Ottawa, tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ìwádìí ṣe dára tó, ní ìràwọ̀ 9. Kò fún ìwé ìbéèrè tí ẹni náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní ìràwọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹnu bi í ní ìbéèrè kan náà létòlétò, ó gbà á. Ìrántí kan náà ni, àṣìṣe kan náà ni. Ẹ kọ èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ náà.