Wọn ipá pọ́ǹpù epo kí o tó pààrọ̀ rẹ̀

Bí ọkọ̀ oníkabúrétọ̀ (èyí tó ń lo kabúrétọ̀ láti po epo mọ́ afẹ́fẹ́) bá ń já lórí òkè tàbí tí ó ń pọ epo, ẹ má tíì ra pọ́ǹpù tuntun. Rọ́bà tó là tàbí fílítà tó dí lè mú kí pọ́ǹpù tó dára dà bí èyí tó ti bàjẹ́. Géèjì tó ń wọn ipá epo ló máa fi òótọ́ hàn.

Nínú pọ́ǹpù tí káàmùṣáfútì (ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) ń gbé, apá irin kan ló ń fa dáyáfíráàmù, ìyẹn awọ tó rọ̀ nínú pọ́ǹpù, kí epo lè wọlé. Sípírìngì ló ń tì í padà, tí epo fi ń lọ sí kabúrétọ̀. Sípírìngì yẹn ló ń pinnu ipá tí epo fi ń lọ. Púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì V8 (onísìlíńdà mẹ́jọ) àtijọ́ ti Amẹ́ríkà ń lo psi 4 sí 7; psi ni a fi ń wọn ipá. Kabúrétọ̀ Weber máa ń fẹ́ bíi 2.5 sí 3.5, kabúrétọ̀ SU kò sì fẹ́ ju nǹkan bíi 3 lọ. Ohun tí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí ipá bá pọ̀ jù, fílótì (ohun tó ń léfòó nínú abọ́ epo kabúrétọ̀) ò ní lè ti abẹ́rẹ́ mọ́ ojú ihò epo mọ́. Abọ́ kabúrétọ̀ á kún àkúnya, èéfín dúdú á máa jáde, epo á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ so pọ́ǹpù ọkọ̀ oní-injection (ọkọ̀ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì láìlo kabúrétọ̀), tó máa ń ti epo dé psi 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀, mọ́ kabúrétọ̀.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kí ohun tí a fi ń paná wà nítòsí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó tú rọ́bà. Ẹ wá géèjì psi 0 sí 15, kí ẹ fi irin oníhò mẹ́ta so ó sáàárín pọ́ǹpù àti kabúrétọ̀, nítòsí kabúrétọ̀. Ẹ dè é pẹ̀lú kílíìpù dáadáa, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ kà á ní sílò, láìtẹ pẹ́dálì epo. Bí ọwọ́ géèjì bá ń gbọ̀n díẹ̀, kò burú.

Ẹ wá pa ẹ́ńjìnnì. Bí pọ́ǹpù náà kò bá ní rọ́bà tó ń dá epo padà sí táǹkì, ó yẹ kí ipá dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ó bá ṣubú lójú ẹsẹ̀, ẹ tún tan ẹ́ńjìnnì kí ipá lè padà, ẹ pa á, kí ẹ sì fún rọ́bà tó wà láàárín géèjì àti kabúrétọ̀ pọ̀ kíá. Bó bá dúró báyìí, abẹ́rẹ́ kabúrétọ̀ ló ń jò. Bó bá ṣì ń ṣubú, tí kò sì sí ibi tí epo ti ń kán síta, fáàfù pọ́ǹpù ni.

Ipá nìkan ò tó o. Géèjì lè ka psi 5 kí epo tó ń dé má tó ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá ń sáré. Ẹ tú rọ́bà kúrò lára kabúrétọ̀, kí ẹ kì í bọ inú agolo tó ní àmì ìwọ̀n, jìnnà sí èsósì àti wáyà iná, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì. Epo tó kù nínú abọ́ á gbé ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Nínú V8, nǹkan bí ìdajì lítà ló yẹ kó jáde. Ẹ́ńjìnnì kékeré á dín díẹ̀. Bí ẹ bá rí ìfófòó, afẹ́fẹ́ ń wọlé láàárín táǹkì àti pọ́ǹpù.

Bí epo bá kéré, ẹ tú ìdérí táǹkì kí ẹ tún wọ̀n ọ́n: ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè ti dí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti rọ́bà kúkúrú bọ ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa epo, kí ìdí rẹ̀ wà nínú agolo epo mímọ́. Bí epo bá wá tó, fílítà tàbí rọ́bà tó ti táǹkì wá ni kí ẹ tú wò.

Bí ọ́ìlì bá ga sí i lórí dípsítíìkì tó sì ń rùn bí epo, tó sì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kabúrétọ̀ ò jò, dáyáfíráàmù ló ya. Ẹ má tan ọkọ̀ náà mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ pọ́ǹpù àti ọ́ìlì.

Pọ́ǹpù tuntun náà lè ti epo jù. Nínú Volkswagen Beetle, a máa ń fi gásíkẹ́ẹ̀tì kún abẹ́ pọ́ǹpù láti dín ipá kù. Lára ọkọ̀ mìíràn, ẹ fi rẹ́gúlétọ̀ tó ń dín ipá epo kù sí i, kí géèjì wà lára rẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí i, kí ẹ sì tún ìwọ̀n fílótì yẹ̀ wò.