Bí Mo Ṣe Yan Aṣọ Òfì Láàárín Gbogbo Iṣẹ́ Ìránṣọ

Ọdún keje rèé tí mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, tí mo sì ya ṣọ́ọ̀bù sí Owódé ní ìlú Ọ̀yọ́. Fún ọdún 5 àkọ́kọ́, kò sí ohun tí mi ò kì í rán: ìró àti bùbá, aṣọ ilé-ìwé, ṣòkòtò, ankó òkú àgbà, títí dé kọ́tìnì. Iṣẹ́ kì í tán lórí tábìlì mi, síbẹ̀ gbèsè ni mo fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi. Ìgbà náà ni mo pinnu pé n ó mú ẹyọ iṣẹ́ kan, n ó sì dúró tì í.

Mo ra ìwé kan, mo sì ń kọ irú aṣọ tó bá wọlé sínú rẹ̀, iye ọjọ́ tó gbà, iye tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tí mo bá yọ owó òwú, epo jẹnẹrétọ̀ àti ti ọmọṣẹ́, àti bóyá wọ́n dá aṣọ náà padà fún àtúnṣe. Oṣù 3 ni mo fi kọ ọ́ láì fo ọjọ́ kan. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé aṣọ àwọn obìnrin, èyí tó máa ń fún mọ́ ara, ló ń mówó wọlé jù, ṣùgbọ́n ìwé náà fi hàn pé àtúnṣe ló ń jẹ èrè rẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé-ìwé tó gbé e fún mi fi owó náà falẹ̀ fún odidi sáà kan. Òfì 6 péré ni mo rán láàárín oṣù 3 yẹn. Ọ̀kankan nínú wọn kò padà wá, àwọn kan lára àwọn tó ni wọ́n sì wá láti Awẹ́ àti Ìlọrà.

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn aránṣọ tó wà nítòsí wọn kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ yìí ń jáde lórí òfì, bí ínṣì 4 sí 6 ní ìbú, ẹni tó bá sì ń so wọ́n pọ̀ kò gbọdọ̀ fa ọ̀kan ju èkejì lọ, kí aṣọ má baà hunjọ, kí ọnà rẹ̀ má sì yẹ̀. Ibi tí àlùmọ́gàjí bá ti gé e ló ti ń tú, nítorí náà èmi máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, n ó sì rán etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gé e rárá.

Kí n tó fi ara mi jìn ín, mo wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, níbi tí iṣẹ́ òfì ti jẹ́ iṣẹ́ ìdílé. Ahunṣọ àgbà kan sọ fún mi pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà ìgbéyàwó, ni ọjà wọn máa ń yá jù. Ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà mí, nítorí owó ṣọ́ọ̀bù kì í mọ ìgbà òjò. Níbi tí mo ti ń rò ó ni mo rántí àwọn òfì àtijọ́ bí ẹtù, sányán àti àlàárì tó wà nínú àpótí àwọn ìyá wa, tó wúwo ju èyí tí àwọn ọmọ wọn lè ró lọ. A lè tú wọn, kí a fi wọ́n rán agbádá, fìlà tàbí ìpèlé. Àtúnṣe yìí ni mo fi dí àlàfo ìgbà òjò.

Èyí tó le jù fún mi ni bí n ó ṣe sọ fún àwọn oníbàárà àtijọ́ pé òfì nìkan ni n ó máa rán. Ìyá kan bínú, wọ́n ní, “Ṣé èmi lo wá ń lé dànù?” Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo sì fúnra mi gbé aṣọ wọn lọ bá ọmọṣẹ́ mi àtijọ́ tó wà nítòsí Akẹ̀sán. Lóṣù tó kọjá, Ìyá yìí gbé ẹtù ìyá wọn tó ti dolóògbé wá, ó ya ní ojú 3. Mo ti tú u, mo sì ń wá òwú aró tó bá tirẹ̀ dọ́gba.