Aṣọ tí kò pé kìlò 2, kìlò 10 ààbọ̀ ni wọ́n fẹ́ gba owó rẹ̀

Owó tí wọ́n kọ́kọ́ bù fún mi láti gbé aṣọ kan ṣoṣo dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ìlọ́po mẹ́ta owó tí mo fi ra aṣọ funfun, ẹ̀lú àti láfún ni. Inú rẹ̀ ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ òde òní ni mo ń gbé e lọ. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ló ń ṣa iṣẹ́ tí wọ́n máa gbé kọ́, wọ́n á sì dá àwọn kan lọ́lá nínú wọn. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo fi wọlé, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí kí a tó rì í sínú aró. Àwòrán Ìbàdàndùn tí àwọn ìyá wa ń yà ni mo mú, èyí tí síbí máa ń wà láàárín àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó. Mo yọ síbí, mo fi takisí Máíkírà sáàárín òpó. Ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi ya gbogbo rẹ̀. Ìgbà méje ni mo rì í sínú aró, tí mò ń sá a lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ha ẹ̀kọ kúrò lára rẹ̀, ilà funfun yọ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kò lè fa irú ilà bẹ́ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù àti owó ìwọlé kò gbà mí lásìkò. Fọ́tò nìkan ni kí ẹ fara balẹ̀ yà, ní òwúrọ̀, lábẹ́ ìbòòji, torí fìláàṣì máa ń sọ aró di dúdú. Wọ́n mú iṣẹ́ mi. Mo jó yí ilé po lọ́jọ́ náà.

Àfi ìgbà tó di pé ká gbé e lọ. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ká aṣọ, ká wé e ni, kí ojú ìṣẹ́po má baà hàn lára rẹ̀. Mo wé e, mo wá páálí gbàǹgbà kan fún un, mo gbé e dé ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù lọ sókè òkun. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbé e sórí ìwọ̀n, kò pé kìlò 2. Ló bá fa téèpù yọ: sẹ̀ńtímítà 130 ní gígùn, 20 ní ìbú, 20 ní gíga. Ó sọ wọ́n di púpọ̀, ó di 52,000, ó fi 5,000 tí wọ́n fi ń sọ àyè di kìlò pín in, ó ní kìlò 10.4, pé 10 ààbọ̀ ni màá san.

"Ọmọ mi, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀."

"Ẹ má bínú, mà. Àyè tó máa gbà nínú ọkọ̀ òfurufú la fi ń ṣírò."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn dé ọ́fíìsì méjì mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀hún ń sún mọ́lé. Ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sunkún, lórí ọ̀kadà tí mò ń gùn bọ̀ wálé.

Ilé plọ́ńbà àdúgbò wa ni mo ti rí ọ̀nà àbáyọ: páìpù omi tó tín-ín-rín. Mo fi aṣọ funfun àtijọ́ tẹ́ ojú adìrẹ náà, mo wé e mọ́ páìpù pinpin, mo sì gé páálí fúnra mi: 130, 12, 12. Kìlò 3.74 ló di. Mo san owó kìlò 4. Tí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti ṣe ìṣirò yìí kí n tó san owó ìwọlé.

Èyí tó tún dùn mí ni ti àbọ̀ rẹ̀. Ó wà nínú òfin wọn pé ẹni tó ni iṣẹ́ ló máa san owó gbígbé e padà, mo sì ti fọwọ́ sí i kí n tó kà á débẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé kí wọ́n má ju páìpù náà nù, torí òun náà laṣọ máa wé mọ́ bọ̀ wálé.